Àdúrà Orí Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe míṣọ́nárì nílẹ̀ òkèèrè, ìjọ rẹ̀ á pè é síwájú pẹpẹ, wọ́n á da òróró sí i lórí, wọ́n á kọrin títí ọ̀fun á fi há. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un ni pé bó bá ti kúrò nílé, ilé náà ti ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bílíkísù ọmọ Àlímọ̀t, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, ló fi ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ náà sì korò ju jogbo lọ. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Àlímọ̀t ìyá rẹ̀, gàrí ló ń tà ní Èbúté Èrò. Ìyá Sùlè ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Sùlè ni àkọ́bí. Obìnrin náà kò sanra, kò ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀, háà! Ohùn tó nípọn, tó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ orógbó tán. Ṣìfáwù, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ń gbé inú agbo ilé yẹn kan náà, ohùn kan náà sì ni Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì. Bí Ṣìfáwù bá pe Sùlè láti ẹ̀yìnkùlé, Sùlè á dáhùn pé, "Ẹ̀ẹ́n, Màmá!" Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá, á ní, "Òpònú ọmọ, ta ni màmá ẹ níbẹ̀ yẹn?" Àwàdà ilé ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó lè di nǹkan mìíràn lọ́jọ́ kan.

Bílíkísù ń ta bàtà ní Àpọ́ngbọ̀n nígbà tó pàdé Ọlátúndé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bílíkísù. Ọmọ náà mọ̀rọ̀ sọ, ó sì fẹ́ràn Jésù dénú. Kò pẹ́ tí Bílíkísù fi ń tẹ̀ lé e lọ sí ìpàdé àdúrà wọn ní Marina. Wọ́n rì í bọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹ́sítà. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ o. Ní Èkó wa níbí, ilé wo lẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran Iléyá, tí wọ́n tún jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì? Ọjọ́ tí wọ́n mú Ọlátúndé wá sílé, ohun tí Àlímọ̀t sọ fún un ni pé, "Ìjẹ̀ṣà! Òṣómàáló ni àwọn baba ẹ. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onílé títí wọ́n á fi gba tiwọn. Ìwọ náà ti lóṣòó, o ti gba ọmọ mi. Ó dáa, máa mú un lọ. Àmọ́ kó o máa mú un wálé wá sùn o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọlátúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjọ rán wọn lọ sí Màláwì, sí ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ wọn obìnrin, Dárasími, sí. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi ò ní gba iṣẹ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọlátúndé ń wàásù, ó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, Bílíkísù ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìránṣọ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wálé. Ìsinmi ni ìjọ ń pè é. Ìsinmi wo, ẹ̀yin èèyàn? Lónìí wọ́n á wà ní Iléṣà, lọ́la Ìbàdàn, lọ́túnla Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè dúró níwájú ìjọ kí wọ́n fi àwòrán Màláwì hàn, kí àwọn ìyá ìjọ lè fọwọ́ kan orí Dárasími kí wọ́n ní, "Àwọn ọmọ míṣọ́nárì wa!" Bí gbogbo ìlú bá ti pín in tán, ìrọ̀lẹ́ kan ló máa ń ṣẹ́ kù fún Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àlímọ̀t á ti se ọbẹ̀ ẹja láti àárọ̀. Á ti tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n á dé nígbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á jókòó sétí àga, Ọlátúndé á máa wo fóònù rẹ̀, mọ́tò ìjọ á ti máa fọn fèrè níta. Bí wọ́n bá ti dìde, Àlímọ̀t á ká ẹní rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìbẹ̀wò o, ẹ̀yin àlejò." Bílíkísù mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Ojú á tì í, á sì sọ nínú ara rẹ̀ pé tó bá di ìgbà mìíràn, òun á sùn.

Èyí nìkan kì bá dá ìjà sílẹ̀. Ìyá ń bínú, ìyá ń tutù, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó dá a sílẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ òkèèrè.

Ìjọ kan wà nílùú òyìnbó tó ń ran iṣẹ́ Màláwì lọ́wọ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n máa ń wá bẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n pe Ọlátúndé àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé tiwọn, wọ́n ní kí Bílíkísù dìde kó jẹ́rìí bí Olúwa ṣe rí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ òótọ́. Ó ní ìyá òun máa ń jí òun ní àsùbáà kí òun kírun, pé ìyá òun kì í kọ alágbe, pé nígbà tí òun gbọ́ orúkọ Jésù, ilẹ̀ tí ìyá òun ti ro sílẹ̀ ni irúgbìn náà bọ́ sí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ díẹ̀, wọ́n sì lọ mu tíì. Nígbà tí wọ́n dé yàrá, Ọlátúndé ní, "Ẹ́sítà, ẹ̀rí yẹn ò ní iyọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí Olúwa yọ ẹ́ kúrò nínú ẹ̀."

Ló bá fi iyọ̀ sí i. Nínú ìjọ tó tẹ̀ lé e, ó ní inú òkùnkùn biribiri ni ìyá òun bí òun sí. Ó ní ẹ̀rù ni wọ́n fi tọ́ òun, kò sí ìfẹ́ nínú ilé náà, Jésù ló kọ́kọ́ pe òun ní ọmọ. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Arákùnrin kan ń gbé fóònù sókè, ó ń ya gbogbo rẹ̀, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ayé òde òní. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í béèrè ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́wọ́ ẹnì kan.

Sùlè ló kọ́kọ́ rí i. Ì bá pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n Sùlè kì í lè pa nǹkan mọ́ra. Ó gbé fóònù tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó ń túmọ̀ òyìnbó náà sí Yorùbá fún un, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Àlímọ̀t kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Òkùnkùn? Ṣé ọjọ́ tí mo bí i kò síná ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni? Ṣebí ọ̀sán gangan ni mo bí i!" Nígbà tó gbọ́ ibi tí Bílíkísù ti ní kò sí ìfẹ́ nínú ilé, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí Sùlè tún un tú. Sùlè tún un tú. Obìnrin náà jókòó pẹ́, ó ń fi ìdí ìró nu ojú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Mi ò ní ṣépè fún un. Ọmú mi ló mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkùnkùn ni mí, kó má tún wá àdúrà wá sínú òkùnkùn mọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe é. Gbogbo Jímọ̀ ni Bílíkísù máa ń pe ilé, nítorí Àlímọ̀t kì í lọ sọ́jà lọ́jọ́ Jímọ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Àlímọ̀t ní, kò ṣe é wo ojú ẹni, owó inú rẹ̀ kò sì lè dé Màláwì, òkè ọ̀hún nìkan ni wọ́n ti ń pè é. Yóò gbé e. Yóò dáhùn, "A dúpẹ́. Ọmọ ńkọ́? Ó dáa." Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ parí, níbi tí ìyá máa ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, ẹsẹ̀ ẹ ò ní kọ," ibẹ̀ ni Àlímọ̀t á dákẹ́. Bílíkísù á dúró, á gbé fóònù mọ́ etí, á máa retí. Á gbọ́ èémí ìyá rẹ̀. Á gbọ́ adìẹ nínú ọgbà. Àlímọ̀t á wá ní, "Ó dàárọ̀," kódà bó jẹ́ ọ̀sán.

Bílíkísù bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ orí. Ó ní kí arákùnrin òyìnbó yẹn yọ fídíò náà kúrò, ó yọ ọ́. Ó rán Ṣìfáwù sí i, ó rán Sùlè sí i. Àlímọ̀t kàn ń wí pé, "Mo ti gbọ́." Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti gbà." Bílíkísù ń wàásù ìdáríjì fún àwọn ará Màláwì lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì rí i gbà lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé kò ju kí ìyá rẹ̀ ya ẹnu kó ṣàdúrà fún un kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Jímọ̀ kan ṣoṣo ló fò. Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ìlú òyìnbó dé sí Màláwì láti wá gbẹ́ kànga, odindi ilé kún fún àlejò. Bílíkísù ń dín adìẹ, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun á pe ilé lọ́la. Nígbà tó pè lọ́jọ́ kejì, Sùlè ló gbé fóònù. "Màmá ń sùn." Ọ̀sẹ̀ kejì, "Màmá lọ kí àwọn èèyàn ní Ẹ̀pẹ́." Ọ̀sẹ̀ kẹta, "Ọ̀fun ń dun Màmá, wọn ò lè sọ̀rọ̀." Ara Bílíkísù kò gbà á mọ́. Ó sọ fún Ọlátúndé, Ọlátúndé ní, "Àgbà ló ń dà, fi ara balẹ̀." Ó pe Sùlè padà, ó ní, "Bọ̀dá Sùlè, ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn màmá mi ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, mò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wálé lọ́jọ́ kejì."

Jímọ̀ dé. Ó pè. Ẹnì kan gbé e, kò tètè sọ̀rọ̀.

"Bílíkísù."

"Màmá! Háà, Màmá, ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni. Ààwẹ̀ ló mú mi. Ọ̀fun mi sì ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀."

Ohùn náà nìyẹn, ó nípọn, ó há. Bílíkísù bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nínú kíṣìnnì rẹ̀ ní Màláwì. "Màmá, ẹ má pa fóònù. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Mo purọ́ mọ́ yín. Wọn ò fipá mú mi, èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ torí kí wọ́n lè fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ wà nínú ilé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ẹ ṣàdúrà fún mi."

  Bílíkísù gbọ́ tí ẹni tó wà ní òdìkejì ń fa imú. Ohùn náà wá pe oríkì rẹ̀, èyí tí Àlímọ̀t kò tíì fi pè é látọjọ́ ìjà. "Àbẹ̀kẹ́. Mo ti forí jì ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ́. Ibi tó o bá gbẹ́sẹ̀ lé, ẹsẹ̀ ẹ ò ní kọ. Ọmọ ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ẹ láìdáa lẹ́yìn ẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ, á ṣọ́ ẹ bọ̀."

"Àmín! Àmín, Màmá mi!"

Ó jáde síta, ó ń jó. Bí àpéjọ Àjíǹde wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó lọ síwájú ìjọ láti dúpẹ́. Ó sọ fún àwọn ará Màláwì àti àwọn àlejò òyìnbó tó wá fún àpéjọ náà pé ìyá òun ti dárí ji òun, pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú etí òun méjèèjì. Gbogbo wọn pariwo Halelúyà. Ọlátúndé náà wí Halelúyà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Bílíkísù rò pé ìdùnnú ló mú un.

Ìsinmi wọn bọ́ sí lẹ́yìn Iléyá. Bílíkísù ra ìró kan tó ní àwòrán ẹja fún ìyá rẹ̀, ó ra sálúbàtà rírọ̀, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Lọ́tẹ̀ yìí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo máa kọ́kọ́ sùn. Kí Iléṣà dúró." Ọlátúndé ní kò burú. Nígbà tí wọ́n balẹ̀ ní Èkó, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi ní ilé àlejò ìjọ ní Yábàá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n dúró de pásítọ̀ àgbà, pé pásítọ̀ fẹ́ bá wọn lọ. Kí ni pásítọ̀ ń bọ̀ wá ṣe nílé Àlímọ̀t? Bílíkísù kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí Ọlátúndé wọ ilé ìwẹ̀, ó fa Dárasími lọ́wọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọkọ̀ CMS.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Marina, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ń fi ọ̀nà han ọmọ rẹ̀: ibi tí wọ́n ti máa ń ra búrẹ́dì nìyí, ilé ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Dárasími ń fi òyìnbó béèrè bóyá ìyá àgbà máa jẹ́ kí òun sun orí ẹní. Inú Bílíkísù ń dùn. Nígbà tí wọ́n yà sí àdúgbò wọn, ìyá aláta tó wà ní ìkóríta rí i, ó yọ gèlè orí rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, "Bílíkísù, o ti dé. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá."

Ẹsẹ̀ Bílíkísù dúró. Àṣẹ̀yìndè, ta ló máa kí ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láàyè bẹ́ẹ̀?  Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, báàgì ń gbá a ní ìdí, Dárasími ń sáré tẹ̀ lé e. Ó wọ agbo ilé. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀, ohùn kan ti inú yàrá wá, ó nípọn, ó há.

"Ta nìyẹn?"

Yéè!  Màmá nìyẹn. Ọpẹ́ o, aláta ti ń dàgbà, ó ti ṣi èèyàn kí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, èmi ni, mo ti wá sùn!"

Ṣìfáwù ló jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Yàrá náà ti yí padà. Àpótí Àlímọ̀t kò sí níbẹ̀ mọ́, ìró rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí ìṣó. Bílíkísù wo Ṣìfáwù, ó wo ẹnu rẹ̀, ó tún wo ìró orí ìṣó. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún un. Ó mọ̀.

"Ìgbà wo?" ló béèrè.

Ṣìfáwù tú gèlè rẹ̀. "Ọmọ mi, jókòó."

"Àǹtí, ìgbà wo ni màmá mi kú?"

"Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ ni. A gbé e lọ sí itẹ́ òkú ní Àbárí kí oòrùn tó wọ̀. Àyà ló mú un, kò tilẹ̀ dá wa lóró."

Bílíkísù rò ó. Orí rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó tún un rò. "Inú ààwẹ̀ ni mo bá wọn sọ̀rọ̀. Inú ààwẹ̀ ni wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ta ni mo bá sọ̀rọ̀?"

Ṣìfáwù kò wò ó lójú. "Èmi ni," ó wí, ohùn Àlímọ̀t ló sì fi wí i, nítorí òun kò ní òmíràn.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí kí n sọ̀rọ̀ kan, kí ẹ má bàa bú ìyá arúgbó yìí ju bó ṣe yẹ lọ. A kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ tó wà lájò lórí fóònù. Bó bá ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò gbé e? Ọkọ rẹ̀ la ń sọ fún, ọkọ ni yóò fi ọgbọ́n mú un wálé, nílé la ti ń túfọ̀ láàárín àwọn èèyàn tí yóò dì í mú. Àṣà wa ni, kò sì burú. Sùlè ṣe é bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àlímọ̀t gan-an ló pe Ọlátúndé.

Sùlè fúnra rẹ̀ ló wọlé wá sọ èyí, nígbà tó gbọ́ ẹkún. "Ọkọ ẹ mọ̀, Bílíkísù. Ọjọ́ náà ló mọ̀. Ó ní kí àwọn àlejò lọ ná. Nígbà tí wọ́n lọ, ó ní kí àpéjọ kọjá ná. Ìwọ wá ń halẹ̀ pé ò ń bọ̀. Òun ló bẹ̀ wá pé kí Àǹtí gbé fóònù, pé lẹ́ẹ̀kan péré ni."

Sùlè kò tíì sọ ọ́ tán tí Ọlátúndé fi dé, òógùn bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ́sítà, mo fẹ́ dáàbò bò ẹ́ ni."

"Bílíkísù ni mo ń jẹ́ nínú ilé yìí." Kò pariwo. "O mọ̀ pé ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀. Mò ń dín adìẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, o mọ̀. Mo dúró níwájú ìjọ, mò ń dúpẹ́ pé ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀, o jókòó níbẹ̀, o ní Halelúyà."

"Àpéjọ yẹn, gbogbo ìwéwèé ti parí, àwọn ọ̀rẹ́ wa ti wá láti òkèèrè..."

"Ọ̀rẹ́ wa! Tìtorí wọn ni mo ṣe ba ìyá mi lórúkọ jẹ́. Tìtorí wọn náà lo ṣe fi ikú ẹ̀ pa mọ́ fún mi. Ọlátúndé, ṣé àwọn ló bí mi ni?"

  Dárasími ń sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, Sùlè gbé e jáde, Ọlátúndé tẹ̀ lé wọn. Ó wá ku Bílíkísù àti Ṣìfáwù nínú yàrá.

Bílíkísù jókòó sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹní. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń lọ. Ẹ má tàn mí mọ́. Ǹjẹ́ wọ́n forí jì mí?"

"Ó forí jì ẹ́," Ṣìfáwù wí kíá.

"Ẹ sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ṣìfáwù gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Àárọ̀ Jímọ̀ yẹn, bó ṣe kírun tán, ó ní àyà ń dun òun. Ó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, 'Ṣìfáwù, bí Bílíkísù bá pè lónìí, tí oorun bá ti gbé mi lọ, kó o jí mi. Mo fẹ́ ṣàdúrà fún un. Ó tó gẹ́ẹ́.' A retí ẹ títí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní bóyá o ní àlejò. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, Àbẹ̀kẹ́. Ìdí tí mo fi gbà láti gbé fóònù yẹn nìyẹn. Àdúrà tó fẹ́ ṣe ni mo bá a ṣe."

Bílíkísù ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu yìí ló sọ pé ọ̀fun ń dun òun nínú ààwẹ̀. Ẹnu yìí ló ní "Èmi ni" nígbà tí kì í ṣe òun. Kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá lọ́jọ́ náà tí èèyàn lè bi. Bó bá gbà á gbọ́, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ tẹ́tí sí fóònù títí ẹ̀mí fi bọ́, tí òun ń dín adìẹ fún àlejò. Bí kò bá sì gbà á gbọ́, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kú pẹ̀lú ìbínú rẹ̀ nínú. Ẹ sọ fún mi, nínú méjèèjì, èwo lẹ̀yin máa mú? Bílíkísù kò rí èyí tó máa mú, títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ọlátúndé lọ yí ká gbogbo ìjọ, òun nìkan, ó sì ti padà sí Màláwì. Mo gbọ́ pé ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òkèèrè pé ìyàwó òun ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un lọ́hùn-ún. Bílíkísù ò bá a lọ. Ó wà nínú yàrá ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun àti Dárasími, ọmọ náà sì ti ń mọ Yorùbá sọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sùn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibẹ̀ náà ló ń sùn báyìí.

Ṣìfáwù ló ń se oúnjẹ fún wọn. Bí ó bá jinná, á dúró sí ẹ̀yìnkùlé, á pariwo pé, "Bílíkísù, ẹ wá jẹun o!" Ojoojúmọ́ ni Bílíkísù ń fò dìde, tó ń dáhùn pé, "Ẹ̀ẹ́n, Màmá!" kó tó rántí. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá mọ́. Á tún jókòó, á sì rán Dárasími pé kó lọ gba oúnjẹ náà wá.